Ọwọ́ Tí Kò Mọ Iná

Òórùn ẹran sísun ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Àárọ̀ kùtù ni, ní oríta Okokomáíkò, agbada mi ń hó lórí iná, èrò sì ti yí mi ká: awakọ̀, agbèrò, ọmọ iléèwé, àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń la títì ńlá tó lọ sí Àgbádárìgì. Mo gbójú sókè, mo ní, "Ta ló ń sun ẹran níbí? Kó yáa fún wa jẹ o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo wolẹ̀ ni mo rí i pé èmi ni ẹran náà. Ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún mi ló fara ti etí agbada. Awọ rẹ̀ ti wú, ó ti ń bó. N kò sì mọ nǹkan kan lára. Bí ẹni pé ìka ẹlòmíràn ni wọ́n wá so mọ́ mi lọ́wọ́.

Kí n má purọ́, ọwọ́ yẹn ti lókìkí tẹ́lẹ̀. Bí àkàrà bá já bọ́ láti inú síbí oníhò, ìka ni mo fi ń yọ ọ́ nínú òróró gbígbóná, kí ojú tó ṣẹ́ ó ti wà nínú bébà oníbàárà. Àwọn agbèrò á pariwo, "Ìyá Rísí Ọwọ́ Irin! Ẹ tún un ṣe ká rí i!" Èmi náà á tún un ṣe. Ìyá mi tó kọ́ mi ní àkàrà dídín ní Ìsẹ́yìn, ọwọ́ tirẹ̀ gbó bí awọ bàtà. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá pẹ́ nídìí iná, iná á mọ̀ ọ́n lójú, àwọn méjèèjì á di ọ̀rẹ́. Kò sí alákàrà tí kò gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Nítorí náà nígbà tí ìka mi kò mọ gbígbóná mọ́, n kò pè é ní àìsàn, mo ní mo ti di ọ̀gá nídìí iṣẹ́. Àrùn mú mi, mo sì ń fi ṣe fáàrí lójú ọjà.

Àpá kan tún wà lápá mi, lókè ọrùn ọwọ́, ó funfun díẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, mo ti ra oògùn làpálàpá lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Kò yún mi rí. Mo máa ń sọ fún Ìyá Ìbejì, ará ilé wa tó ń ta ọṣẹ, pé làpálàpá tèmi ní ẹ̀kọ́ ilé, kì í yọ onílé lẹ́nu. Ìwọ tó ń kà á, bí o bá ní àpá tí kò yún ọ, tí kò dùn ọ́, tí abẹ́rẹ́ gún tí o kò mọ̀, má ṣe fi ṣàwàdà bíi tèmi. Gba ilé ìwòsàn lọ.

Láàárín èrò tó ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ẹnìkan wà tí kò rẹ́rìn-ín. Tíṣà Kámálà ni.

Ará Íńdíà ni. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn owó epo rọ̀bì ti dé, ìjọba ń kọ́ iléèwé bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù ṣeré, olùkọ́ kò sì tó, ni wọ́n bá ń lọ kó wọn wá láti òkè òkun. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì kan lọ́nà Ọ̀jọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ilé kan náà là ń gbé ní Ìyànà Ìbà, ilé oníyàrá kọjú-sí-yàrá, yàrá tirẹ̀ kọjú sí tèmi gan-an. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni, ẹ ni mo ń fi bá a sọ̀rọ̀.

Ayé obìnrin náà jẹ́ ìran fún wa. Kí ládàánì tó pè, ó ti wẹ̀. Lẹ́yìn náà á da irúgbìn kéékèèké kan sínú òróró gbígbóná, wọ́n á máa ta pá-pá-pá, gbogbo ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ìyá Ìbejì á ní, "Tíṣà ti fi ata kírun o!" Kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja. Lọ́jọ́ iléyá, gbogbo wa gbé ẹran fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn ìbejì. Á wé aṣọ gígùn rẹ̀ mọ́ra, blaúsì alápá gígùn lábẹ́ rẹ̀ nínú ooru, á ṣí agbòòrùn tí òjò kò sí, á la erùpẹ̀ pupa tí katapílà ń tú kọjá. Àwọn ọmọdé á máa kígbe "òyìnbó" tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ó dúdú ju Ìyá Ìbejì lọ. Nírọ̀lẹ́ á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa fi báírò pupa pa ìwé àwọn ọmọ, á máa mí kanlẹ̀ bí ẹni ń fọ aṣọ olóògbé. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn kan ń jókòó sójú fèrèsé. Sátidé ni ọjọ́ tó ń kọ lẹ́tà sílé. Lọ́jọ́ yẹn, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Gbogbo ìgbà là ń bi í pé, "Tíṣà, ọkọ yín dà?" Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Iṣẹ́ pọ̀." A rò pé Yorùbá rẹ̀ ni kò tíì yéni.

Àkàrà mi nìkan ni oúnjẹ wa tó ń jẹ. Àárọ̀ àárọ̀ ló ń yà, á ní kí n wé e, á fi sínú àpò, á lọ jẹ ẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tí ìka mi jóná, kò gba àkàrà. Ọwọ́ mi ló gbà. Ó wò ó, ó yí i, ó wo àpá tó wà lókè rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ìyá Rísí, ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wá."

Nírọ̀lẹ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí n pa ojú dé. Ó ní kí n sọ ìgbà tí nǹkan bá kàn mí. Mo ń retí. Mo retí títí ó fi sú mi, mo ní, "Tíṣà, ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí." Ó ní, "Mo ti ṣe tán." Mo lajú. Ẹnu báírò ti yí gbogbo àpá náà po, àmì pupa bíi ti ìwé ọmọ tó gba òdo.

Ó sọ orúkọ àrùn náà fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì, kò yé mi. Ó wá ká ìka tirẹ̀ wọnú bí ìka tó ti gé. Ìyẹn yé mi. Ẹ̀tẹ̀.

Mo ṣépè fún un. Èmi tí mo máa ń sọ fún agbèrò tó bá fẹ́ da ọjà mi rú pé adẹ́tẹ̀ kò lè fún wàrà, ṣùgbọ́n ó lè dà á nù, tí gbogbo oríta á sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi alákàrà! Ọwọ́ ọ̀tún tí mo fi ń bọ́ gbogbo Okokomáíkò! Mo ní ọ̀tá mi ló rán an láti Íńdíà. Ó kàn ṣílẹ̀kùn fún mi jẹ́ẹ́, ó ní, "Nígbà tí ẹ bá fẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn, èmi á bá yín lọ."

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo pa á mọ́. Mo fi aṣọ di ọwọ́ náà, mo ní òróró gbígbóná ló jó mi. Mo wá ń fi ọwọ́ òsì ta àkàrà, ìyẹn tún di ìjà. Awakọ̀ kan ju tirẹ̀ padà sínú àwo: "Ìyá Rísí, ọwọ́ òsì lẹ fi ń fún ọmọ ọlọ́mọ lóúnjẹ? Ṣé mo jẹ yín ní gbèsè ni?" Mo ní kó má bínú. Èmi tí n kì í bẹ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìrora dé. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé àrùn tí kì í dunni kò burú, ẹ fetí sílẹ̀. Iṣan kan wà lẹ́yìn ìgúnpá, ibi tí a máa ń gbá mọ́ ògiri tí gbogbo apá á sì dún wìì. Ibẹ̀ wú. Àfi bí ẹni pé wọ́n ń fi abẹ́ ya á láti inú, títí dé ìka. Ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọnú, n kò lè nà wọ́n. Rísí ọmọ mi, tó ti ń bá mi sùn lórí ẹní kan láti ọjọ́ tí mo ti já a lẹ́nu ọmú, mo ní kó lọ máa sùn lápá ibi ilẹ̀kùn. Ó ní, "Màámi, kí ni mo ṣe?" Mo gbá a létí. Kò sí ohun tó ṣe.

Bàbá Rísí ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Kánò nígbà yẹn. Ó dé, ó wo ìka mi. Ó sùn sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ní nítorí olè. Ọkọ̀ tó ṣófo.

Ọ̀rọ̀ Rísí yẹn ló gbé mi dìde. Mo kan ilẹ̀kùn Tíṣà, mo ní kó jẹ́ ká lọ.

Ilé ìwòsàn náà jìnnà, ìyẹn sì dùn mọ́ mi. Mo fi ìborùn bo orí dé imú. Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà lábẹ́ igi, èrò kún orí rẹ̀, àwọn kan fi aṣọ di ẹsẹ̀, àwọn kan fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ ìró. Bí wọ́n bá bi ẹnìkan pé kí ló gbé e wá, á ní, "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni mo sìn wá." Òmíràn á ní, "Ará ilé wa kan ni." Gbogbo bẹ́ǹṣì náà ló sin ẹnìkan wá, kò sí aláìsàn kan ṣoṣo láàárín wa. Àfi bí ẹni pé ìyàwó la wá gbé. Ẹ̀rín pa mí nínú ìborùn, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ó kàn wá. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan tó ń jẹ obì ní, "Ta ni aláìsàn nínú yín?"

Ẹnu mi ṣáájú mi. Mo ní, "Àwọn ni. Èmi ni mo sìn wọ́n wá." Mo na ìka sí Tíṣà.

Ó wò mí. N kò mọ bí ojú ènìyàn ṣe lè wò mí bẹ́ẹ̀ láìsí ìbínú nínú rẹ̀. Ó ká apá blaúsì rẹ̀ sókè títí dé èjìká, ibi tí oòrùn ilẹ̀ wa kò tíì rí rí. Àpá kan wà níbẹ̀, ó ti gbó, ó ti kú, ó fẹ̀ ju tèmi lọ. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Mo kéré nígbà náà. Ó ti san. Ẹ wá bá mi wo ti ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ni mí. Mo sọ ìborùn kalẹ̀.

Wọ́n fi òwú àti abẹ́rẹ́ kàn mí níbi gbogbo, mo pa ojú dé. Wọ́n tẹ ìgúnpá mi, iṣan náà ti nípọn bí okùn tí a fi ń so ewúrẹ́. Wọ́n rẹ́ etí mi díẹ̀, wọ́n mú omi ibẹ̀ lọ sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ kòkòrò di ńlá. Nọ́ọ̀sì náà wá ṣàlàyé rẹ̀ bí yóò ṣe yé aláìwé. Ó ní kòkòrò ló ń fa ẹ̀tẹ̀, kì í ṣe èpè, kì í ṣe ìran. Kòkòrò náà lọ́ra, ó lè wà lára fún ọdún púpọ̀ kó tó fara hàn. Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ gbà á láàyè. Ó ní iṣan ìmọ̀lára dà bíi wáyà iná, òun ló ń gbé ìròyìn láti ọwọ́ lọ sí ọpọlọ. Kòkòrò yìí ń jẹ wáyà. Ìka kò sì ń dédé gé: ìgbà tí kò bá mọ iná, tí kò mọ ìṣó, tí ẹni tó ni ín kò tọ́jú egbò, ni ó ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ìyá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?" Mo sọ fún un. Ó yọ obì lẹ́nu.

Kòkòrò tèmi kò pọ̀, ó ní n kò kó o ran oníbàárà kankan. Oògùn oníhóró funfun ni, ojoojúmọ́, fún ọdún mélòó kan. Wọ́n fún mi ní òmíràn kí wíwú iṣan lè rọlẹ̀, àti pákó pẹlẹbẹ tí a ó fi di ìka kó lè nà. Oògùn náà mú mi: ojú mi funfun, àtẹ̀gùn ilé lásán ń mú mi mí gulegule. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ má baà jù ú nù. Ẹ padà lọ sọ fún wọn, wọ́n á wá nǹkan ṣe sí i.

Ohun tó burú jù ni èyí tí nọ́ọ̀sì sọ gbẹ̀yìn: òun gbọ́dọ̀ wá yẹ ara gbogbo ẹni tí mo ń bá gbé ilé wò.

Mo lọ kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Onílé. Ọmọ bíbí Ọ̀jọ́ ni wọ́n, àgbàlagbà. Wọ́n ní, "Nígbà èwe mi, inú igbó ni wọ́n ń pa àgọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì máa gbé oúnjẹ dúró lókèèrè. N kò ní lé ọ lónìí. Ṣùgbọ́n bí ará ilé bá kọ̀, ilé kì í ṣe tèmi nìkan." Ohun tó kù fún mi nìyẹn: ẹnu ará ilé. Bí wọ́n bá lé mi, kò sí ilé tí yóò gbà mí láti Ọ̀jọ́ dé Ajangbádì, nítorí ọ̀rọ̀ á ti ṣáájú ẹrù mi débẹ̀.

Nọ́ọ̀sì dé, gbogbo wa pé sí àgbàlá. Bí wọ́n ṣe gbọ́ orúkọ àrùn, Ìyá Ìbejì fo sókè. "Bàlúwẹ̀ kan náà là ń lò! Ìyá Rísí, o fẹ́ pa mí lọ́mọ? Kó máa lọ! Bí kò bá lọ, èmi á lọ!" Àwọn yòókù ń kùn. Mo wolẹ̀. Ká ní ilẹ̀ ń lanu, mo ti wọlé tipẹ́.

Tíṣà jáde sí àárín. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè níwájú gbogbo wọn. Ó ní, "Èmi náà."

Ìyá Ìbejì ní, "Tíṣà, kí lẹ wí?"

"Èmi náà ní i. Oògùn wò ó."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àkọ́bí mi níwèé!"

"Ọdún kan ó lé. Ìwé mi ló ń kà, ẹ̀gbẹ́ mi ló ń jókòó. Kí ló ṣe ọmọ yín?"

Ìyá Ìbejì wo àkọ́bí rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ọmọ tó sanra bí ìyá rẹ̀. Bàbá Onílé wá dìde, wọ́n bọ́ bùbá wọn, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, èmi ni kí o kọ́kọ́ wò, kí àwọn ọmọdé má baà sunkún." Gbogbo ilé bá tò. Kò sí ẹnìkankan tó ní i. Bàbá Onílé tún bùbá wọn wọ̀, wọ́n ní kí wọ́n lọ da omi sí bàlúwẹ̀, kí olúkúlùkù wá iṣẹ́ ṣe. Bí ẹjọ́ ṣe parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ náà ni Tíṣà sọ ìdí tí kò fi ní ọkọ. Ní ìlú wọn, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ó ṣàìsàn yẹn lọ́mọdé. Ó ti san, wọn kò sì gbàgbé. Ó wá ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, ó rìn títí ó fi dé Ìyànà Ìbà. Nítorí tèmi ni ibẹ̀ náà fi mọ̀. Àkọ́bí Ìyá Ìbejì ló sọ fún wa pé wọ́n ti ya àga rẹ̀ sọ́tọ̀ nínú yàrá àwọn olùkọ́, àti pé òbí méjì ti wá gba ọmọ wọn kúrò ní kíláàsì rẹ̀. Ìtìjú yẹn ni kò tíì kúrò lára mi títí dòní. Ti ẹ̀tẹ̀ ti lọ tipẹ́.

Nígbà tí ìka mi nà díẹ̀, mo padà sí oríta pẹ̀lú síbí tó ní ọwọ́ gígùn. Ọ̀rọ̀ ti wọ ọkọ̀ débẹ̀ kí n tó dé. Àkàrà kún àwo, ó ń tutù. Àwọn agbèrò mi ń wo apá ibòmíràn, ebi sì ń pa wọ́n, mo mọ ojú wọn.

Agbòòrùn yọ nínú erùpẹ̀. Tíṣà dúró, ó ní, "Ẹ fún mi ní àkàrà. Pẹ̀lú ọwọ́ yín." Mo fẹ́ wé e, ó ní rárá. Ó gbà á lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ó sì bù ú jẹ níbẹ̀, lójú títì, lójú ọmọ iléèwé rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Kódà lọ́dọ̀ tiwa, tíṣà kì í dúró jẹun ní gbangba, àwọn ọmọ á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí sáà á fi parí. Òun tí kì í jẹun lójú ẹnikẹ́ni! Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Ó dùn." Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àti gbogbo àárọ̀ iléèwé lẹ́yìn rẹ̀, títí agbèrò kan fi ya sọ́dọ̀ mi, tó sì ní, "Àbí Tíṣà nìkan ló ní ẹnu? Ọwọ́ Irin, fún mi ní tèmi jàre." Nígbà yẹn ni mo kọ́kọ́ sunkún, mo ní èéfín ni.

Rísí padà sórí ẹní mi. Bàbá rẹ̀ pẹ́ kó tó jáde nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó jáde. Wọ́n dá oògùn mi dúró nígbà tó yá, wọ́n ní mo ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà. Àpá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara dọ́gba. Ọmọńdinrín mi ṣì tẹ̀ díẹ̀, kò sì tíì mọ iná, bóyá kò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tí kò lè sunkún, nítorí bí ó bá jóná, kò ní pè mí. Àwọn tó ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àárọ̀ ọjọ́ kan kò tíì bá wọn lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ẹ̀sín mi rí òpin. Mo sì wà láàyè, mo wò ó bó ṣe ń lọ.

Iṣẹ́ Tíṣà parí, ó ń padà sí ìlú rẹ̀. Mo dín àkàrà fún un lọ́nà, mo ní èyí ni oúnjẹ tó fẹ́ràn jù lọ láyé. Ó wò ó, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Rísí, ẹ má bínú. Ìyá mi ń dín irú èyí nílé, tirẹ̀ dùn jù ú lọ púpọ̀. Iyọ̀ yín ti ń pọ̀ jù láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

Mo ní, "Ọjọ́ gbogbo yẹn! Kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

Ó ní, "Èrò ń wò wá."